Mò Ń Kánjú, N Kò Ráyè Kọ̀wé Kíákíá

Ní ilẹ̀ Ṣáínà, ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Zhang Zhi. Nǹkan bí ọdún 192 ló kú, ṣùgbọ́n títí di òní, bí wọ́n bá ń ka orúkọ àwọn tó mọ ìkọ̀wé alásopọ̀ kọ jù lọ, orúkọ tirẹ̀ wà lára àwọn tó máa ń ṣáájú. Ìkọ̀wé alásopọ̀ ni irú èyí tí ọwọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò lórí bébà, tí ìlà kan ń wọ inú ìkejì, kí iṣẹ́ lè yá. Ìtàn sọ ohun kan nípa Zhang Zhi tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn tó sì ń kánjú, ohun tó máa ń sọ ni pé ọwọ́ òun dí, òun kò ráyè fún ìkọ̀wé alásopọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ìkọ̀wé tí wọ́n dá sílẹ̀ torí ìkánjú ni ọ̀gá inú rẹ̀ sọ pé ìkánjú kò jẹ́ kí òun ráyè kọ. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ní ọ̀nà òun jìn, òun sì ti pẹ́, nítorí náà òun kò ní wọ ọkọ̀.

Kí ló fà á? Ìdáhùn rẹ̀ wúlò fún ẹnikẹ́ni tó bá ń tọ́ ọmọ tó ń kọ́ bí a ṣe ń kọ̀wé. Àmì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi ṣe àlàyé rẹ̀, àmì tí gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ṣáínà mọ̀. A ó wo ibi tó ti wá, bí ọwọ́ ṣe ń kọ ọ́, àti bí ohun tí àwọn baba ńlá ń sáré kọ ṣe di ohun tí àwọn ọmọ ń fara balẹ̀ kọ́ lónìí.

Àmì tó túmọ̀ sí "ìwé"

Àmì náà nìyí: 書. Ẹ pè é ní "ṣú", pẹ̀lú ohùn òkè, bí ẹni ń sọ pé "ilẹ̀ ti ṣú". Bí wọ́n bá fi lẹ́tà ABD kọ ọ́, shū ni wọ́n máa ń kọ. Ìlà gbọọrọ tó wà lórí u náà sì ni àmì ohùn òkè tiwọn. Èdè olóhùn ni Mandarin, gẹ́gẹ́ bíi Yorùbá. Etí tó mọ ìyàtọ̀ láàárín "ọkọ" àti "ọkọ̀" kò ní jìnnà sí i.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìwé. Láyé àtijọ́, ó tún túmọ̀ sí "kọ̀wé", ó sì tún túmọ̀ sí lẹ́tà tí a fi ránṣẹ́ sí ènìyàn. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ìwé ni èyí tí a ń kà, ìwé ni èyí tí a fi ránṣẹ́ sílé, ìwé ni bébà lásán. Bí a bá sì sọ pé ẹnì kan kàwé, kì í ṣe ìwé kan pàtó là ń sọ, ilé ẹ̀kọ́ tó lọ là ń sọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ará Ṣáínà ń sọ dúshū, èyí tó jẹ́ "ka ìwé", nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé ọmọ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Èdè méjèèjì kò bá ara wọn tan rárá, síbẹ̀ ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà ronú. Àmì yìí kan náà ló wà nínú shūfǎ, orúkọ tí wọ́n ń pe iṣẹ́ ọnà ìkọ̀wé, tó túmọ̀ sí "ìlànà ìkọ̀wé". Ní ọdún 2009, àjọ UNESCO fi iṣẹ́ ọnà yìí kún àkọsílẹ̀ àwọn àṣà tó jẹ́ ogún gbogbo ọmọ aráyé.

Bí a bá fara balẹ̀ kọ 書, ìlà mẹ́wàá ló ní. Apá òkè rẹ̀ jẹ́ àwòrán ọwọ́ tó di búrọ́ọ̀ṣì mú: àwọn ìlà ìbú tó tò léra, àti ìlà òró kan tó gún wọn já láti òkè wá sísàlẹ̀. Ìlà òró yẹn ni igi búrọ́ọ̀ṣì. Apá ìsàlẹ̀ dà bí àpótí kékeré tí wọ́n fa ìlà kan sí nínú. Láyé àtijọ́, kì í ṣe àpótí ló wà níbẹ̀. Odindi àmì mìíràn ni, 者, tí wọ́n fi síbẹ̀ láti tọ́ka sí bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ náà. Bí ọwọ́ ṣe ń kọ ọ́ láti ìran dé ìran, ó ń tán lọ díẹ̀díẹ̀ bí ọṣẹ tí a ń lò, títí ó fi ku àpótí nìkan. Ìyẹn ni pé èyí tí a ń pè ní ìkọ̀wé pípé pàápàá, ọwọ́ ti gé e kúrú kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Kí ló kan koríko?

Cǎoshū ni orúkọ tí wọ́n ń pe ìkọ̀wé alásopọ̀. Shū ni àmì wa. Cǎo ni koríko, ṣùgbọ́n ó tún túmọ̀ sí ohun tí a kò tíì tún ṣe, bí àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tí a ó ṣì padà wá tún kọ. Ìtumọ̀ kejì yìí ló bá bí ìkọ̀wé náà ṣe bẹ̀rẹ̀ mu jù.

Ọwọ́ àwọn akọ̀wé ìjọba ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìgbà ìjọba Han, láti ọdún 206 ṣáájú ìbí Jésù títí di ọdún 220 lẹ́yìn ìbí rẹ̀, iṣẹ́ ìjọba pọ̀ lọ jàra: owó orí, oúnjẹ àwọn ọmọ ogun, ìròyìn láti ẹnubodè. Orí ọparun àti pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń kọ wọ́n sí. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú pátákó bẹ́ẹ̀ ní aṣálẹ̀ tó wà ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Juyan. Lórí àwọn kan nínú wọn, a lè fojú rí bí ọwọ́ akọ̀wé tó ń kánjú ṣe ń so ìlà pọ̀ tó sì ń fo àwọn mìíràn.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣì mú níbí. Wọ́n rò pé ìkọ̀wé tí a ń rí nínú ìwé lónìí, tí ìlà kọ̀ọ̀kan dá dúró, ló kọ́kọ́ wà, kí ìkánjú tó wá sọ ọ́ di alásopọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kǎishū ni wọ́n ń pe ìkọ̀wé tó dúró gbọn-in yẹn, ẹ̀yìn cǎoshū ló sì dàgbà. Inú lìshū, ìkọ̀wé àwọn akọ̀wé ayé Han, ni àwọn méjèèjì ti jáde. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n, alásopọ̀ sì ni ẹ̀gbọ́n.

Kò pẹ́ tí ohun tí wọ́n fi ń yára ṣiṣẹ́ fi di ohun tí àwọn ènìyàn ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Láyé Zhang Zhi kan náà, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Zhao Yi kọ àròkọ kan láti fi bu ẹnu àtẹ́ lu àṣejù tó wọ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní àwọn tó ń kọ́ ọ ń lo búrọ́ọ̀ṣì kan gbó láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ọrùn ẹ̀wù àti apá ẹ̀wù wọn dúdú fún tàdáwà, ètè àti eyín wọn náà dúdú. Bí wọ́n bá tilẹ̀ jókòó láàárín àwùjọ, ìka ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sórí ilẹ̀. Ẹ̀sùn rẹ̀ tó wúwo jù ni pé kí iṣẹ́ lè rọrùn kó sì yára ni wọ́n ṣe dá ìkọ̀wé yìí sílẹ̀, wọ́n wá sọ ọ́ di ohun tó le tó sì ń falẹ̀.

Òbí tí ọmọ rẹ̀ kì í gbé ojú kúrò lára fóònù á mọ irú ohùn tí Zhao Yi fi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń ráhùn yìí náà ló ń bá wa dáhùn ìbéèrè wa. Kí ọwọ́ tó lè yára kọ àmì kan dáadáa, ó ti pẹ́ nídìí rẹ̀.

Bí ìlà mẹ́wàá ṣe di mẹ́rin

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́. Ohun èlò mẹ́rin ni àwọn ará Ṣáínà kà sí ìṣúra ẹni tó ń kọ̀wé: búrọ́ọ̀ṣì, tàdáwà, bébà, àti òkúta tí a ń lọ tàdáwà lórí rẹ̀ bí ẹni ń lọ ata lórí ọlọ. Irun ẹran, bíi ti ewúrẹ́, ni wọ́n fi ń ṣe ẹnu búrọ́ọ̀ṣì náà, ó sì rí ṣóńṣó. Bébà tí wọ́n fẹ́ràn jù ń wá láti agbègbè Jing ní ìpínlẹ̀ Anhui, wọ́n ń pè é ní xuan. Bébà yìí máa ń fa omi. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá dúró pẹ́ jù lójú kan, tàdáwà á tàn ká; bó bá sì sáré jù, ìlà á gbẹ, á fọ́ sí wẹ́wẹ́. Kò sí ohun tí a fi ń pa àṣìṣe rẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí búrọ́ọ̀ṣì dúró ṣánṣán, kí ọrùn ọwọ́ yín má sì fara ti tábìlì. Àwọn àgbà ní ju ọ̀nà kan lọ láti fi cǎoshū kọ 書, ṣùgbọ́n èyí ló wá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká:

Ìlà kìíní: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òsì, ẹ fà á lọ sí ọ̀tún díẹ̀, kí ẹ wá yí i sísàlẹ̀, bí èjìká àti apá.

Ìlà kejì: ẹ padà sí òsì, nísàlẹ̀ ti àkọ́kọ́. Ẹ fà á lọ sí ọ̀tún kó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ yí i sísàlẹ̀, kí ẹ fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì ta ìkọ́ kékeré sínú.

Ìlà kẹta: láti òkè, ẹ fa ìlà òró kan wálẹ̀ tààrà, kó gún méjèèjì já, kó sì gùn kọjá wọn. Igi búrọ́ọ̀ṣì tí a rí lẹ́ẹ̀kan nìyí. Pẹ̀lú gbogbo ìkánjú, ọwọ́ kò jù ú sílẹ̀.

Ìlà kẹrin: ẹ kán àmì kékeré kan, bí ẹ̀kán omi, sí apá ọ̀tún lókè.

Ohun tó jáde ni 书.

Bí bírò bá lẹ fi kọ ọ́, ó ti parí. Ṣùgbọ́n búrọ́ọ̀ṣì ní òfin tirẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé láàárín ìlà kìíní àti ìkejì, ọwọ́ kì í sábà kúrò lórí bébà. Bí búrọ́ọ̀ṣì ṣe ń padà sí òsì, ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń fara kan bébà, ó sì ń fi okùn tín-ín-rín kan sílẹ̀. Qiānsī ni wọ́n ń pe okùn yìí, ìyẹn "òwú sílíkì tí a fà". Kì í ṣe ìlà gidi, ipa ọ̀nà tí ọwọ́ gbà kọjá ni. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí tó fi nípọn bí àwọn ìlà gidi ti da ọ̀rọ̀ rú mọ́ ẹni tó fẹ́ kà á lójú.

Èkejì ni igun. Nínú kǎishū, igun máa ń mú. Búrọ́ọ̀ṣì á dúró díẹ̀ kó tó yà. Nínú cǎoshū, ó máa ń yí roboto. Ẹ̀kẹta, eré ọwọ́ kì í dọ́gba. Ibi tó gún ni ọwọ́ ti ń yára, ibi tó yí ni ó ti ń rọra. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ kì í fi eré tó ń sá lójú títì wọ kọ́ọ̀nà.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tí mo fẹ́ràn jù. Láti ìkọ́ ìlà kejì títí dé orí ìlà kẹta, inú afẹ́fẹ́ ni búrọ́ọ̀ṣì wà. Kò kan bébà, síbẹ̀ ó ń kọ̀wé lọ́wọ́. Ìkọ́ náà gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí ọwọ́ ń lọ, kí ojú ẹni tó ń kà á lè tẹ̀ lé e. Ẹni tó mọ ìlù dùndún á tètè lóye èyí: bí onílù bá gbé kọ̀ǹgọ́ sókè, kò tíì fi ìlù sílẹ̀.

Ní ọdún 687, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Sun Guoting kọ ìwé kan lórí iṣẹ́ ọnà yìí, ìkọ̀wé alásopọ̀ ló sì fi kọ ọ́. Ìwé náà ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá tó wà ní Taipei. Ọ̀kan lára ohun tó sọ níbẹ̀ ni pé bí àwọn ìlà kan bá tilẹ̀ lábùkù nínú kǎishū, ènìyàn ṣì lè ka ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá ṣi ibi tó yẹ kó yí sí nínú cǎoshū, kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ mọ́. Bí ìlà ṣe ń dín kù ni iṣẹ́ tó wà lọ́rùn èyí tó ṣẹ́ kù ń pọ̀ sí i. Àwa tí a ń kọ Yorùbá náà mọ̀ ọ́n lára. Ẹ yọ àmì kúrò lórí "ọkọ", "ọkọ́" àti "ọkọ̀", kí ẹ wá sọ fún mi èwo ni wọ́n gbé lọ sóko nínú wọn. Ènìyàn lè dín ohun tó ń kọ kù, bí kò bá ti jẹ́ ohun tó gbé ìtumọ̀ dání ló gé dànù.

Ojú mi ti rí i. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń kọ́ àmì yìí, mi ò fẹ́ gbọ́ ti ìlà mẹ́wàá rárá. Mẹ́rin ló wù mí. Mo kọ 书 kún ojú bébà kan, ó sì dára lójú mi. Olùkọ́ mi wò ó, ó fi ìka tọ́ ọ̀kan nínú wọn, ó ní kí n fi ibi tí ọwọ́ wà àti ibi tí búrọ́ọ̀ṣì wà nínú rẹ̀ han òun. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ó dá mi padà sídìí 書 fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìgbà tí mo tún padà sí ìlà mẹ́rin, ọwọ́ mi ti mọ ohun tó ń fò àti ìdí tó fi ń fò ó.

Adágún omi dúdú àti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀

Gbogbo ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa àwọn ọ̀gá inú ìkọ̀wé yìí, ìtàn ìfaradà ni. Wọ́n ní Zhang Zhi máa ń kọ̀wé sórí aṣọ ilé rẹ̀ kí wọ́n tó sè é fún lílò. Wọ́n tún ní ẹ̀bá adágún omi kan ló ti ń kọ́ṣẹ́, títí omi adágún náà fi dúdú.

Ní ọ̀rúndún kẹrin ni Wang Xizhi gbáyé, ẹni tí ọ̀pọ̀ ará Ṣáínà kà sí ọ̀gá gbogbo akọ̀wé. Kò sí èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ tó kù mọ́, àwòkọ ni gbogbo èyí tó wà. Ohun tó wú mi lórí ni pé púpọ̀ nínú ohun tí àwọn ènìyàn fi ń kọ́ cǎoshū títí di òní jẹ́ lẹ́tà lásán tó kọ sí ẹbí àti ọ̀rẹ́: ó ń béèrè àlàáfíà, ó ń sọ̀rọ̀ àìsàn, ó ń bá ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kẹ́dùn. Ọ̀kan tó gbajúmọ̀, tó jẹ́ ìkọ̀wé tó wà láàárín kǎishū àti cǎoshū, kò ju ìwé péńpé tó fi sin 300 ọsàn tó fi ta ẹnì kan lọ́rẹ. Ìwé ilé ni gbogbo wọn. Àwọn ọba ló wá ń wá wọn kiri lẹ́yìn náà.

Àtọmọdọ́mọ rẹ̀ kan wà tó jẹ́ ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Búdà, Zhiyong lorúkọ rẹ̀, ní ọ̀rúndún kẹfà. Iṣẹ́ tó ṣe ló fi bí a ṣe ń kọ́ ìkọ̀wé yìí hàn jù. Ìwé kan wà tí àwọn ọmọ Ṣáínà fi ń kọ́ ìwé kíkà nígbà náà, tí àmì inú rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan láìtún ọ̀kankan sọ. Àmì wa, 書, wà nínú wọn. Zhiyong kọ ọ́ ní ọ̀wọ́ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: kǎishū níhìn-ín, cǎoshū lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá ń kọ́ ọ á rí èyí tó pé àti èyí tó yára pa pọ̀, á sì rí ohun tó yí padà àti ohun tí kò yí padà. Wọ́n ní ó kọ odindi ìwé náà ní ìgbà 800, ó sì pín in fún àwọn tẹ́ḿpìlì. Àwọn búrọ́ọ̀ṣì tó lò gbó pọ̀ débi pé ó gbẹ́ sàréè fún wọn, ó sì sin wọ́n.

Huaisu náà, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Búdà mìíràn ní ọ̀rúndún kẹjọ, kò rówó ra bébà. Ìtàn ní ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ yí ibi tó ń gbé ká, ewé wọn ló sì ń kọ̀wé sí. Ọwọ́ rẹ̀ wá di èyí tó ń yí bí ìjì, débi pé ìkọ̀wé alásopọ̀ ẹhànnà ni wọ́n ń pe irú tirẹ̀. Ìwé gígùn tó fi sọ ìtàn ara rẹ̀ ní ọdún 777 ṣì wà títí di òní. Ẹni tó bá wò ó lè rò pé kò bìkítà fún òfin kankan. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló mọ iye òfin tó wà nídìí rẹ̀.

Ìkánjú di ẹ̀kọ́ ilé ìwé

Ní ọdún 1936, Yu Youren, olóṣèlú àti oníròyìn tó tún jẹ́ ògbóǹkangí nínú ìkọ̀wé, gbé ìwé kan jáde níbi tó ti ṣa ẹ̀dà cǎoshū kan fún àmì kọ̀ọ̀kan láti inú iṣẹ́ àwọn àgbà. Ohun tó ń fẹ́ ni pé kí gbogbo ènìyàn lè yára kọ̀wé kí ẹlòmíràn sì lè kà á.

Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní oṣù kìíní ọdún 1956, ìjọba Ṣáínà kéde ètò tí wọ́n fi dín ìlà àwọn àmì kù kí mùtúmùwà lè mọ̀wé kà. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n jókòó dá sílẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn láti ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan sẹ́yìn. 東, tó túmọ̀ sí ìlà oòrùn, di 东. 長, tó túmọ̀ sí gígùn, di 长. 書 náà di 书. Inú cǎoshū ni wọ́n ti mú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn ará Japan ti ṣe ohun tó jọ ọ́ ṣáájú: あ, àmì tí wọ́n fi ń kọ fáwẹ̀lì "a", jáde láti inú 安 tí wọ́n fi ìkọ̀wé alásopọ̀ kọ.

Ẹ wá wo ọmọ Beijing kan lónìí nídìí tábìlì. Ó fi pẹ́ńsù kọ 书 sínú àpótí kékeré tó wà nínú ìwé rẹ̀, ìlà kan lẹ́yìn ìkejì, ahọ́n rẹ̀ ń yọ díẹ̀ lẹ́nu. Ohun tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ń sáré kọ ló ń rọra kọ́ yẹn. Ní Taiwan, Hong Kong àti Japan, 書 ni wọ́n ṣì ń kọ. Àríyànjiyàn lórí rẹ̀ kò tíì tán. Àwọn kan ní ìlà mẹ́rin rọrùn fún ọmọdé ju mẹ́wàá lọ, òtítọ́ sì ni. Àwọn mìíràn ní ọmọ tó mọ 书 nìkan kò lè rí ọwọ́ tó di búrọ́ọ̀ṣì mú nínú rẹ̀ mọ́, bó bá sì ṣí ìwé àtijọ́ tó wà nínú ìdílé rẹ̀, àfi kó tún àwọn àmì kan kọ́. Òtítọ́ ni ìyẹn náà.

Nínú ilé yín

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ọmọkùnrin kan tó wà ní ọdún kẹrin ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti fún un ní orúkọ ní kíláàsì nítorí ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ẹsẹ̀ adìẹ ló fi ń kọ̀wé. Ó wá di pé kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí ìwé òun. Mo wò ó dáadáa nígbà tó ń kọ iṣẹ́ àṣetiléwá. Ọwọ́ rẹ̀ kò burú. Àwọn ọmọ tó yára ní kíláàsì ló fẹ́ bá dọ́gba, ó ń so àwọn lẹ́tà tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ̀ pọ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún un pé ìfarabalẹ̀ ni àwọn tó yára ti gbà débẹ̀.

Bí irú rẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ gbìyànjú ohun tí àwọn àgbàlagbà ń ṣe láàárọ̀ nínú ọgbà ìgbafẹ́ ní Beijing. Wọ́n máa ń mú búrọ́ọ̀ṣì ńlá tó gùn bí ìgbálẹ̀, wọ́n á rì í bọ omi, wọ́n á sì máa kọ̀wé sórí òkúta tí wọ́n fi tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n tó kọ ọ̀wọ́ kan tán, oòrùn ti ń gbẹ èyí tó ṣáájú. Àwọn tó kọ́ ilé kéú lára wa á rántí bí wọ́n ṣe ń fọ wàláà kí wọ́n lè kọ òmíràn sí i. Ohun tó bá máa pa rẹ́ kì í ba ọmọ lẹ́rù.

Búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé kékeré kan, ike omi kan àti sìmẹ́ǹtì ẹ̀yìnkùlé ti tó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ 書 pẹ̀lú gbogbo ìlà rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ bi í pé níbo ni ọwọ́ wà, níbo ni búrọ́ọ̀ṣì wà. Ìgbà tó bá lè fi hàn yín ni kí ẹ tó fi 书 hàn án. Lẹ́yìn náà, ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀: kó kọ́kọ́ kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní dídá dúró, pẹ̀lú àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀, kó tó so wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ èdè àti ìkọ̀wé Ṣáínà jinlẹ̀ kò ní láti rìn jìnnà. Ilé Ẹ̀kọ́ Confucius wà ní Yunifásítì Èkó, ó wà ní Legon ní Gánà, ó wà ní Abomey-Calavi ní Benin àti ní Lomé ní Togo.

Ní ti Zhang Zhi, mo rò pé mo ti gbọ́ ohun tó ń sọ. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, èyí tí ìlà rẹ̀ pé ló máa ń kọ, torí bí ọwọ́ tó ti rẹ̀ bá ṣìṣe níbẹ̀, ènìyàn ṣì lè kà á. Ìlà mẹ́rin kò ní ibi tí àṣìṣe lè fara pamọ́ sí. Ọjọ́ tí ara bá balẹ̀ ni ó ń kọ èyí tó yára.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jọ wà ní ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ike omi wa. Ó kọ 書, ó ka ìlà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó dìde dúró láti wò ó. Oòrùn ti ń lá apá òkè rẹ̀.

"Àǹtí, ó ti ń lọ o."

Mo ní kó tún un kọ. Ó ti rì búrọ́ọ̀ṣì bọ omi kí n tó sọ̀rọ̀ tán.